Àyẹ̀wò ọdún 2024: mo fi ṣọ́ọ̀bù mi lé oòrùn lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí owó iná ló gba ọdún yìí mọ́ mi lọ́wọ́. Títí oṣù kẹta fi parí, tí mo bá fi 10,000 náírà ra iná, yúníìtì tó ń wọ mítà mi máa ń lé ní 135. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ni NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fọwọ́ sí owó tuntun fún àwa tí wọ́n kó sí Band A, àwa tí wọ́n ní a ó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Yúníìtì kan tó jẹ́ 68 náírà fò sókè, ó di 225. 10,000 kan náà wá ń ra 41. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbé e sókè díẹ̀, ó wá di 209.50 lóṣù keje. Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn wa níbí, ní torí pé iná ò wọ́n ni àwọn èèyàn ṣe máa ń fi fírísà sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láì pa á. Èmi rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́ja tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí inú fírísà ni ọjà rẹ̀ ń sùn.

Télọ̀ ni mí, ní Bódìjà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa á rò pé máṣíìnì ló ń jẹ iná. Máṣíìnì kò jẹ nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù ni. Kọ́là tí o bá fẹ́ kó dúró, o gbọ́dọ̀ fi áyọ́ọ̀nù tẹ gum stay, aṣọ tó ń mú kọ́là le, mọ́ ọn. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan, wàá lọ̀ ọ́ kó tó jókòó. Aṣọ tó bá sì ti parí, wàá tún lọ̀ ọ́ kí oníbàárà tó rí i. Áyọ́ọ̀nù kan a máa jẹ tó 1,000 watt, òmíràn a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé e. Èyí tó lè gbé e, epo ló ń mu, lítà epo tí kò sì tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ti lé ní 1,000 nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún yìí. Mo ní áyọ́ọ̀nù eléèédú o, mo ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èédú sún mọ́ léèsì funfun ìyàwó, kí ẹ wá wo ohun tí ojú yín máa rí.

Lóṣù kẹfà, mo yá owó ní kọ́pùrétíìfù, mo fi sólà sí ṣọ́ọ̀bù. Páńẹ́lì 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 550 watt, ínfátà 3.5kVA, bátìrì lithium kan tó ń gba bíi yúníìtì 5. Gbogbo ẹ̀ àti owó iṣẹ́ lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà. China ni ẹrù náà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ẹ sì mọ ibi tí náírà já sí láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Lándílọ́ọ̀dù wá wò wọ́n lórí òrùlé, ó bi mí bóyá wọ́n máa kù síbẹ̀ nígbà tí mo bá kó jáde. Mo ní, "Bàbá, wọ́n á bá mi lọ o."

Àwọn onísólà máa ń polówó pé iná ọ̀fẹ́ ni. Èwo ni ọ̀fẹ́? Tí ṣọ́ọ̀bù mi bá jẹ yúníìtì 8 lójúmọ́, 240 lóṣù, owó rẹ̀ lórí mítà, pẹ̀lú VAT, máa tó 54,000 náírà. Ẹ fi 54,000 pín mílíọ̀nù méjì àbọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin kí owó tó padà wálé, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, tí mi ò sì ka èlé kọ́pùrétíìfù. Epo jẹnẹrétọ̀ tí mi ò rà mọ́ ló jẹ́ kí ìṣirò náà dùn díẹ̀.

Ohun tí mo wá rí ni pé aago tí èèyàn ń lo iná ló ń sọ bóyá ó máa jèrè sólà. Bátìrì ló ń gbówó lórí jù. Iná tí o bá lò nígbà tí oòrùn ń ràn, ara páńẹ́lì ló ti ń bọ̀ tààrà, kò kan bátìrì. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba: ó ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ń wọlé lálẹ́. Bátìrì tiẹ̀ á ti kún kó tó di ọ̀sán, oòrùn á wá máa ràn sórí páńẹ́lì lásán. Tó bá di òru, tí àwọn ọmọ ń fẹ́ fáànù, bátìrì á ní ó tó gẹ́ẹ́. Iye kan náà la ná, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ni mò ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, gbogbo aṣọ lílọ̀ ti di ti ọ̀sán. Láàárọ̀, a ó gé, a ó rán, a ó kó èyí tó fẹ́ áyọ́ọ̀nù jọ sórí tábìlì. Láti bíi aago mọ́kànlá, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á yọjú síta, á pariwo: "Àǹtí, ó ti ràn o!" Ojú ínfátà á máa ka 1,500, 1,600 watt. Kí ìkùukùu kan kọjá báyìí, á já wálẹ̀ sí 400, ẹni tó sún mọ́ ọn á kígbe, "Ẹ gbé e!", áyọ́ọ̀nù á kúrò lórí aṣọ, a ó yọ ọ́ lára iná, a ó dúró. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, ìdúró yẹn pọ̀. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, ohun tí páńẹ́lì ń mú wá kì í tó ìdajì nígbà mìíràn, mo sì ń ra iná sí mítà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò gé wáyà NEPA, mi ò sì ní gé e.

Lóṣù kẹwàá, tí grid, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná ká gbogbo orílẹ̀-èdè, ń dojú dé léraléra, àsìkò aṣọ ẹbí ni, a ò sì dá oníbàárà kankan padà. Fóònù àwọn ará àdúgbò kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bábà òdìkejì tiẹ̀ kó kílípà wá. Báyìí, ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo páńẹ́lì. Ìdájí la fi ń fọ̀ wọ́n, omi àti tówẹ̀lì rírọ̀, torí tí omi tútù bá kan gíláàsì tó ti gbóná lọ́sàn-án, ó lè sán.

Ìyá ẹlẹ́ja ló kù. Láti oṣù kẹrin ló ti pa fírísà kan nínú méjì, ó fowó lé kòtè àti ṣáwà, àwọn oníbàárà sì ń bá a jà bí ẹni pé òun ló fi owó kún iná. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú ju tèmi lọ: ẹni tí kò rí mílíọ̀nù méjì yá ni iná tó wọ́n jù ń dúró dè. Ṣùgbọ́n tí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ ọ̀sán ni iṣẹ́ tiẹ̀ náà. Fírísà tó kún fún ẹja, tó ti dì gbagidi kí oòrùn tó wọ̀, tí a kì í ṣí ṣáá, á gbé e di àárọ̀ láìsí iná. (Ẹ má jẹ́ kí mínísítà gbọ́ o.) Kò nílò bátìrì ńlá, páńẹ́lì méjì sí i ló nílò. Onísólà ní ínfátà mi lè gbé e, kìkì pé kí fírísà má gbéra nígbà tí áyọ́ọ̀nù méjì bá wà lórí iná, torí ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń gbéra ló ń fa iná jù. Oṣù kìn-ín-ní ló máa wá wọn òrùlé. Ìyá ní òun á fi àjọ òun ra páńẹ́lì, òun á sì máa fi títù san owó ìlò ínfátà fún mi lóṣooṣù. Mo ní ká kọ́kọ́ gbọ́ iye tí wọ́n máa pè é ná. Ó ní kí n má dààmú, òun ti yọ títù oṣù kìn-ín-ní sọ́tọ̀.