Ọdún 2024 nínú ìwé Bàbá wa

Nígbà tí mo ṣí pígíìnhóòlù Hilux Bàbá wa nínú Oṣù Kìíní, ìwé ọkọ̀ ni mo ń wá. Ìwé àkọsílẹ̀ pélébé kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀ ni mo bá. Ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́, bírò aláwọ̀ aró: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, iye kìlómítà tó wà lójú mítà, iye tí wọ́n san fún fọkanáísà, ọjọ́ tí bírèkì kò mú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo kà á tán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọdún tó ń parí lọ yìí, inú ìwé yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Suleja ni ọkọ̀ náà wà láti 2015, lábẹ́ igi máńgòrò. Ti ọdún 1992 ni, dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní 2L, tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, òun ni wọ́n fi ń kó sìmẹ́ńtì àti páànù fún àwọn oníbàárà wọn títí dé Lambata. Bàbá papò dà ní 2016. Láti ìgbà náà, adìẹ màmá wa ló ń yé ẹyin sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí 2023 ń lọ sópin, àwọn babanbólà tó ń ra irin àlòkù wá, wọ́n fẹ́ san 150,000 náírà, àbúrò mi ọkùnrin sì ti ń na ọwọ́ láti gbà á. Mo bá a jà níwájú màmá wa, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí i. Ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà kò kàn án rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣu mi tó tó ọ̀ọ́dúnrún bà jẹ́ lóko ní Kwali, nítorí pé awakọ̀ tí mo ti sanwó fún kò yọjú fún ọjọ́ márùn-ún, oòrùn sì pa wọ́n. Mo ti bẹ àbúrò mi. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níbí.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Zuba, àgbàlagbà ọmọ Ìlọrin, ẹni tó ti ń tún dísẹ́ẹ̀lì ṣe kí n tó wọ iléèwé girama. Èrò mi ni pé wọ́n máa wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ṣí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, Bàbá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù pé, "Mo bu omi sí rẹdiétọ̀." Nígbà tó di Oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ní Oṣù Kọkànlá, wọn ò kọ gbólóhùn mọ́. "Omi" ni wọ́n ń kọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀. Omi. Omi. Omi.

Bàbá Ìlọrin pa ìwé dé. "Àbúrò, Bàbá rẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ yìí dé ìdajì. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi má baà jò."

Èmi ò lè sọ̀rọ̀. Ọdún 2014 yẹn ni mo ra ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ l'Àbújá. Mo wà á lọ Suleja kí Bàbá lè rí i. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì fún mi ní iṣu mẹ́fà tí màá gbé lọ sílé. Wọn ò sọ ọ́ létí mi pé ojoojúmọ́ ni Hilux ń mu omi. Èmi náà ò sì béèrè.

A wọ́ ọkọ̀ lọ sí Zuba, a tú u. Bí Bàbá Ìlọrin ṣe wí náà ló rí: gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín sílíńdà kejì àti ìkẹta, orí ẹ́ńjìnnì náà sì ti sán. Ohun tó dùn mí jù ni pé ibi tó yẹ kí tẹ́mósítààtì wà ṣófo. Mo tún yẹ ìwé wò, mo sì rí i ní Oṣù Kẹfà 2013: "Mẹkáníìkì ní kí a yọ tẹ́mósítààtì sọnù, ilẹ̀ wa ti gbóná tó. 500 náírà."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní ọkọ̀ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún wa. Ilẹ̀kùn omi ni tẹ́mósítààtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ti ọ̀nà mọ́ omi kí irin lè tètè móoru. Bó bá ti móoru tó, ní bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ṣílẹ̀kùn kí omi lọ tutù nínú rẹdiétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í móoru bó ṣe yẹ láàárọ̀, dísẹ́ẹ̀lì kì í jó tán, ó sì ń jẹ epo. Nínú ẹ́ńjìnnì tó bá ní ọ̀nà àbùjá fún omi, ọ̀nà àbùjá náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, apá kan omi á máa yí po láìdé rẹdiétọ̀ rárá. Ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo tí òkè bá ga, omi tó yẹ kó tutù ò ní tutù. Bàbá ń kó sìmẹ́ńtì. Ẹni tó gba 500 náírà yẹn lọ́wọ́ wọn ti gba gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Orí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí a rà, Béljíọ̀m, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ irin wò ní òun náà ti sán láàárín fáàfù méjì. A dá a padà, ẹni tó tà á yọ díẹ̀ nínú owó wa. Ìkejì ló dára. Lẹ́yìn náà la pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì, èyí tó ń mú kí písítìnnì àti fáàfù máa rìn bára mu, torí 2009 ni ìwé sọ pé wọ́n ṣe é kẹ́yìn, bó bá sì já lórí ìrìn, písítìnnì àti fáàfù á kọlu ara wọn, iṣẹ́ wa á di òfo. Pọ́ńpù àti nọ́sùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn epo rẹ̀. Wáyà tí eku jẹ, ọmọ Kánò kan tó jẹ́ riwáyà fi ọjọ́ mẹ́ta tún un fà. Táǹkì epo, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìpẹtà tó tán nínú rẹ̀. Lórí bírèkì, táyà, bátìrì àti ìwé ọkọ̀, owó nìkan ni mo lè sọ pé ó lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ààwẹ̀ la kọ́kọ́ ta á, lẹ́yìn tí a ti wọ́ ọ padà sí Suleja, lábẹ́ igi máńgòrò náà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fi iná púlọ́ọ̀gì ran epo. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú rẹ̀: afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnnì ń fún pọ̀, ó ju ìlọ́po ogún lọ, títí ooru á fi pọ̀ débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti tú sínú rẹ̀. Hítà púlọ́ọ̀gì ló ń bá a mú ibẹ̀ gbóná kí ó tó ta. Méjì nínú mẹ́rin ti kú. A ti pààrọ̀ wọn, Bàbá Ìlọrin sì ní kí n dúró kí iná ofeefee tó wà níwájú mi kú kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Mo dúró. Mo yí i. Èéfín funfun bo gbogbo ọgbà, adìẹ fò sórí ògiri, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó mọ́. Màmá wa jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ wọn ṣì tutù fún ẹ̀fọ́, wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́. "Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀," ni wọ́n wí. Mo ní nọ́sùlù tuntun ni. Wọ́n mi orí, wọn ò padà wọlé títí a fi pa á.

Oṣù Kẹrin la kọ́kọ́ gbé e lọ sóko. Oṣù yẹn náà ni ilé ìfọpo Dangote dín iye tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì láti 1,200 náírà sí 1,000, inú mi sì dùn bí ẹni pé tìtorí mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó hàn níbi tí mo ti ń rà á. Láti Suleja gba Zuba àti Gwagwalada dé Kwali, àlọ àti àbọ̀, lítà mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ló ń mu.

Oṣù Kẹfà ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ajílẹ̀ ni mo gbé, òjò ti rọ̀, mo sì da epo inú kéègì sí i láìsẹ́. Lójú ọ̀nà oko, lẹ́yìn tí a ti fi ọ̀dà sílẹ̀, ó kú. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó síbẹ̀ kí n tó rí nẹ́tíwọọ̀kì pe Bàbá Ìlọrin. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí fóònù, mo ń ṣe é: mo tú ìdè tó wà nísàlẹ̀ fílítà, omi jáde, ó pọ̀ tó ife kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pọ́ńpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà títí ó fi le. Mo dẹ nọ́ọ̀tì tó wà lórí páìpù nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, mo ní kí ọmọ tó bá mi lọ máa ta á, fóòmù ń jáde, fóòmù ń jáde, títí ó fi di epo gidi. Mo fún wọn padà. Ó jí. Ọwọ́ mi dúdú dé ìgunpá, inú mi sì dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìgbéga níbi iṣẹ́ lọ. Òtítọ́ ni mo sọ.

Láti ìgbà náà, asẹ́ kì í kúrò nínú ọkọ̀.

Nígbà ìkórè, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án la lọ. Iṣu kan kò bà jẹ́ lóko lọ́dún yìí. Àwọn obìnrin Gbagyi tí oko wọn bá tèmi pààlà, àwọn tó ń fi èjìká ru ẹrù dé ọjà Kwali, di ẹni tí mò ń gbé pẹ̀lú ẹrù wọn ní ọjọ́ ọjà. Mi ò gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ń ṣọ́ oko mi nígbà tí mo bá wà ní ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè.

Ẹ̀bi kan wà tí ó jẹ́ tèmi pátápátá. Àpò àgbàdo mẹ́wàá, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan, ló yẹ kí ọkọ̀ yìí gbé. Ní Oṣù Kẹwàá, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, mo di mẹ́rìnlá. Ewé sípíríìnì tó gùn jù lẹ́yìn já ní Gwagwalada. Mo ti bínú sí ẹni tó yọ tẹ́mósítààtì láti Oṣù Kejì, èmi náà sì fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá nítorí ìrìn-àjò kan. Wẹ́dà tó wà nítòsí ní òun á jó o pọ̀ fún mi. Mo kọ̀, mo sun ibẹ̀ mọ́jú, mo ra òmíràn.

Owó tó wọ inú rẹ̀ lọ́dún yìí jẹ́ 1,870,000 náírà. Owó tí ǹ bá san fún ọkọ̀ ẹlòmíràn, pẹ̀lú èyí tí mo rí nínú ẹrù tí mo bá àwọn ènìyàn kó, kò tíì pé mílíọ̀nù kan. Ilé tí mo ń kọ́ kò kúrò lórí ìpìlẹ̀. Mo ṣèlérí fún màmá wa pé Hilux ló máa gbé wọn lọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú Oṣù Kejìlá, kò ṣeé ṣe, jíà kejì ń já bọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ò sì fẹ́ gbé wọn sọ́nà jíjìn báyìí. Bàbá Ìlọrin máa tú u lẹ́yìn ọdún tuntun.

Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an ní Suleja láàárọ̀ yìí, eruku bo máńgòrò. Mo yọ fílítà afẹ́fẹ́, mo gbọn eruku inú rẹ̀. Mo dúró de iná ofeefee, ó kú, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà mo pa á, mo dúró kó tutù, mo ṣí rẹdiétọ̀, mo sì mú ìwé Bàbá. Ojú ewé tó kàn "Omi" tó gbẹ̀yìn ni mò ń kọ sí láti Oṣù Kẹta. Mo kọ ti òní sí i:

31/12/2024. Mo gbọn fílítà afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì pé. Jíà kejì ń já. Omi kò dín.