Ẹ̀yin kóòṣì kékeré, ẹ gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ ‘jẹ ẹ́ padà’

Ọdún kẹwàá rè é tí mo ti ń fọn fèrè fún àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti ṣèlérí pé tó bá pé ọdún mẹ́wàá, ìkọ́kọrẹ́ ni màá fi ṣe yín lálejò, pẹ̀lú ẹja ńláńlá nínú rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ náà ń bọ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀kan nínú yín sọ ní pápá láàárọ̀ Sátidé tó kọjá kò jẹ́ kí n sùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Ìyá kan na ọwọ́ rẹ̀ sí arákùnrin wa náà, ó ní, “Kóòṣì, aago mi ní mo ti lo kálórì 480. Ṣé mo lè jẹ ẹ́ padà nílé, kí n fi oúnjẹ dí ohun tí mo lò?” Arákùnrin wa fọn fèrè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: “Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹyọ kan padà o! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ padà, iṣẹ́ àṣedànù ló ṣe!” Pápá pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ẹnu mi ni gbólóhùn yẹn ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì mọ iye tí mo fi rà á.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ ti mọ̀ pé kálórì ni a fi ń wọn okun tí oúnjẹ ń fún ara àti èyí tí ara ń lò. N ò ní padà síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní. Ẹ má fi aago ọwọ́ búra. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford l’Amẹ́ríkà yẹ irú aago bẹ́ẹ̀ méje wò lọ́wọ́ èèyàn 60. Bí ọkàn ṣe ń lù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á dáadáa. Nígbà tó kan kálórì, èyí tó sàn jù nínú wọn fi nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Ẹ tún rántí pé ara tó jókòó jẹ́ẹ́ náà ń lo nǹkan bíi kálórì 1 fún kílò kan ní wákàtí kan. Aago sábà máa ń ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́, bí ìgbà tí kọ́ńdọ́ bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti san án ní gáréèjì.

Ẹ̀kọ́ kejì. Ẹ má ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ti kà á lẹ́ẹ̀mejì rí, àǹtí kan tó ń ta léèsì ní Òkè-Àjé ló sì jìyà rẹ̀. Ọ̀gá tó ni jíìmù tí mo wà nígbà náà ló kọ́ mi pé kí oníbàárà jẹ gbogbo ohun tó bá lò padà. Mo gbà á gbọ́. Ọdún méjì kọjá kí n tó ronú sí i pé òun ló ń ta ẹlẹ́rìndòdò àti omi èso lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, iwájú fìríìjì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé.

Àǹtí yìí wọn kílò 88, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, ó jẹ́ ọmọ ọdún 49. Ó fẹ́ dín kù kí Ojúde Ọba tó dé. Mo lo ìṣirò Mifflin-St Jeor, ti 1990, ó fún mi ní nǹkan bíi kálórì 1,490 lójúmọ́ fún ara tó kàn sùn sílẹ̀. Fóònù bi mí bó ṣe ń lo ara rẹ̀ sí. Mo yan ti ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá dáadáa, ó di 2,310. Mo yọ 500 kí ó lè dín kù, ó ku 1,810. Eré ìdárayá rẹ̀ ti wà nínú 2,310 yẹn o! Síbẹ̀, láràárọ̀ tí aago rẹ̀ bá ti ní 540, màá ní kó jẹ 540. Ìyẹn kì í sì í ṣe oúnjẹ ńlá: gàrí Ìjẹ̀bú gíráàmù 100 àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán, ká má tíì fọwọ́ kan ṣúgà. Ó ń jẹ 2,350 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ká ní ìjókòó ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ṣírò rẹ̀, 1,790 ni ì bá jẹ́, kílómítà márùn-ún tí a sì ń rìn kò lè fi ju 260 kún un. Nǹkan bí 300 ń ṣẹ́kù sí i lára lójoojúmọ́ tó bá wá.

Oṣù méjì, ó fi kílò méjì sanra sí i. Ó ti ní kí wọ́n rán bùbá sí ìwọ̀n tí mo ṣèlérí fún un. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀, òun fi ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti fi píìnì há bùbá náà. Kò bú mi. Ó ní, “Kóòṣì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní n ṣe ni mo ṣe.” Èébú ì bá tù mí lára. Ọ̀gá mi tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ní tirẹ̀ gé owó oṣù mi, ó ní mo ba orúkọ jíìmù jẹ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ tí mo dá tèmi sílẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: A KÌ Í JẸ Ẹ́ PADÀ.

Ẹ̀kọ́ kẹta. Ọmọbìnrin kan tọ̀ mí wá, ọmọ ọdún 19, kílò 52, tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn fún ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò ní nǹkan kan tó fẹ́ dín kù lára. Eré rẹ̀ ló fẹ́ kó yá sí i. Èmi fún un ní kálórì 1,600 lójúmọ́, nítorí iye tí mo máa ń fún àwọn àǹtí nìyẹn, mo sì ní kó má wo ohun tí aago bá sọ. Òwúrọ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kílómítà 12, ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Bílíkísù Súngbọ́. Eré sísá máa ń gba nǹkan bíi kálórì 1 fún kílò kan ní kílómítà kan. Ẹ sọ 52 di ìlọ́po 12. 624 ni. Ohun tó kù fún ọkàn, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀, egungun, àti ìwé tó ń kà, kò pé 1,000.

Oṣù kìíní dùn. Ó fi kílò méjì fúyẹ́, eré rẹ̀ yá, mo ń fi àkókò rẹ̀ yangàn fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Ó ń bínú sí ohun tí kò tó nǹkan. Mo ní ẹ̀rù ìdíje ló ń bà á.

Ní Sátidé kan, bí aago méje àárọ̀, a ń na ara lọ́wọ́ ni mo rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ méjì. Kò kí mi. “Oṣù márùn-ún rè é tí ọmọ mi ò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó ń bá jáde ní ìdájí. Kí lo ṣe fún un?” Ìyá tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ láìfi ‘ẹ’ kún un ni o. Èèyàn tó wà ní pápá lé ní ogójì. Ìyàwó mi wà lára wọn. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ká ohùn sílẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún pé kò sí nǹkan tó jọ ọ́, ta ni yóò gbọ́?

Ní Mọ́ńdè wọ́n ṣàyẹ̀wò fún un. Kò sí oyún. Ìyá náà wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nílé, níwájú èèyàn méjì. Níwájú ogójì ló ti bú mi, níwájú méjì ló ti bẹ̀ mí. Mo ti dárí jì í, àmọ́ n kò tíì dẹ́kun ìṣirò yẹn.

Ẹ gbọ́ o, n kò tíì dé ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an. Ọjọ́ tí èsì jáde, gbogbo wa yọ̀. Ìyá dúpẹ́, ìyàwó mi dúpẹ́, èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, tí kì í bá ṣe oyún, kí ló wá gbé nǹkan oṣù ọmọ yìí lọ fún oṣù márùn-ún? Èmi ló yẹ kí n béèrè. Èmi ni mo kọ 1,600 sínú ìwé rẹ̀. Orúkọ mi tó mọ́ ni mo gbá mú. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, mo ti dá a padà sójú títì, mo tilẹ̀ fi kílómítà méjì kún un nítorí àwọn ọjọ́ tó ti sọ nù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ojúgun ń dun òun. Mo ní kó fi ìpara gbígbóná pa á. Lọ́jọ́ kẹrin ìyẹn, ó dúró lójijì lójú ọ̀nà, ó jókòó sórí gọ́tà, kò lè dìde mọ́. Mo gbé e pọ̀n dé ibi tí a ti rí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, ó ti sán, bí àwo tánńganran ṣe máa ń sán láì tíì fọ́.

Dókítà tó rí wa, obìnrin ni. Kò béèrè ọ̀rọ̀ eré rárá. “Kí lo máa ń jẹ lóòjọ́? Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?” Nígbà tí ọmọ náà dáhùn tán, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní ebi ló fa méjèèjì. “Ebi?” Ìyá náà dìde dúró. “Ebi, nínú ilé mi? Èmi tí mo ń gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, tó ń ní kóòṣì ní kóun má jẹ ẹ́?” Kò tún wò mí. Mo fẹ́ kó bú mi bó ṣe bú mi ní pápá, kò bú mi.

Ohun tí dókítà yẹn ṣàlàyé ni mo wá lọ kà ní àkàtúnkà. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ti fún àìsàn náà lórúkọ láti 2014: RED-S, ìyẹn ni pé oúnjẹ tí eléré ń jẹ kò tó okun tó ń lò. Wọ́n máa ń yọ kálórì eré kúrò nínú kálórì oúnjẹ, wọn á wá pín ohun tó kù fún kílò ara tí kì í ṣe ọ̀rá. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 30, ewu ti ń yọjú. Ti ọmọ yìí, tí a bá fi ara tí kì í ṣe ọ̀rá sí nǹkan bíi kílò 42, 23 ni.

Bó ṣe yé mi nìyí: ara èèyàn, oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni. Tí ọjà bá kùtà, kò ní ti ṣọ́ọ̀bù pa. Yóò ṣì máa ṣílẹ̀kùn láràárọ̀, kí ojú má tì í. Àmọ́ kò ní kun ilé lọ́dún yẹn, kò ní pààrọ̀ páànù tó ń jò. Ọmọ bíbí ni ara kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí kò sí owó ìkómọ. Egungun tó yẹ kó tún ṣe lóru, ó sún un síwájú. Ẹ̀yin ń wo eré tó ń yá, ẹ rò pé ọjà ń tà.

Ìṣúná yìí kò mọ sọ́dọ̀ aláìsàn nìkan. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn okun tí àwọn Hadza ní Tanzania ń lò. Ọdẹ àti olùwá-oúnjẹ-nígbó ni wọ́n, rírìn ni iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ro ìwọ̀n ara mọ́ ọn, kálórì tí wọ́n ń lò lójúmọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ń jókòó. Nítorí náà, ìyá tó ń rìn kí ó lè dín kù kò gbọ́dọ̀ gbọ́kàn lé 480 tí aago gbé sí i lọ́wọ́. Ibi tó ti yẹ kí arákùnrin wa dúró nìyẹn. Ó kọjá ibẹ̀, ó sọ ọ́ fún gbogbo pápá.

Ọmọ náà kò sá ìdíje ọdún yẹn. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ó ti rí i.” Kò sí ìkíni níwájú rẹ̀, kò sí àdúrà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ dòní. Mo fi ọ̀dà pa ohun tí mo kọ sára ògiri rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni. N kò mọ ibi tí ìkẹrin sá gbà, ẹ jẹ́ n kàn sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ dín kù, ìṣirò ẹni tó ń jókòó ni mò ń fún un. Tí ebi bá pa á lẹ́yìn eré, mo ní kó jẹ ìdajì ohun tí aago sọ, ó pọ̀ jù, ẹ̀wà tàbí ẹyin, kó má ṣe jẹ́ gàrí tútù. Kó gun òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá pé oṣù kan, òṣùwọ̀n ni mò ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí eré jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ṣì ń dàgbà, gbogbo rẹ̀ ni yóò jẹ padà, n kò bá a dúnàádúrà. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, dókítà rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ní kó rí, torí eré àti oògùn lè jọ fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lójijì. Tí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ẹ lè béèrè nǹkan oṣù, ẹ wá obìnrin tí yóò bá yín béèrè. Ìyàwó mi ló ń bá mi béèrè báyìí.

Àti ìwọ, arákùnrin wa tó fọn fèrè ní Sátidé. N kò bínú sí ọ. Àmọ́ nígbà tí o ń kígbe, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n máa ń to bàtà sí, tó ti sáré yí pápá po kí àwa tó dé, tó sì tún bá wa sá. Ó pàtẹ́wọ́ fún ọ ju gbogbo wọn lọ. Súwẹ́tà ló wọ̀. Pè é kí Sátidé tó dé, kí o bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá. Ìyàwó mi yóò béèrè èyí tó kù.