Má Lé Àkókó, Jókòó Dè É

Kí n tó rí fọ́tò àkókó kan ṣoṣo tó ṣeé fi han èèyàn, mo ti ya fọ́tò igi tó lé ní igba. Igi lásán, ẹyẹ ti lọ. Mo ti yánnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa gbà mí. Ọ̀rọ̀ mi wá dà bíi ti àkókó fúnra rẹ̀ tó ní òun á gbẹ́ pósí, tí ìyá rẹ̀ kú tí eéwo so sí i lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gun ọ̀kadà jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ láràárọ̀ Sátidé, tí mò ń gba ọ̀nà Ìkòyí lọ sí àwọn oko kajú, kámẹ́rà àlòkù lọ́rùn, tí mò ń sá tẹ̀lé ìró kó-kó-kó kiri.

Ẹyẹ yìí gbọ́n. Tó bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ lórí ewé gbígbẹ, kì í tètè fò. Á kàn rọra yí sẹ́yìn igi. O yí, òun náà yí. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ sì le, ó fi ń ti ara rẹ̀ mọ́ igi bí ẹni fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo yí igi irúgbá gbígbẹ kan po títí òòyì fi kọ́ mi. Ibẹ̀ ni bàbá olóko ti bá mi, àdá lọ́wọ́ wọn.

"Ta nìyẹn? Kí lò ń yí igi onígi po fún?"

"Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá. Ẹyẹ ni mò ń wò."

"Àwọn tó jí kajú mi kó léṣìí náà, bóyá ẹyẹ ni wọ́n ń wò."

Mo fi àwọn fọ́tò inú kámẹ́rà hàn wọ́n. Igi, igi, igi. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ni wọ́n bá fi àdá tọ́ka sí ìdí igi náà: "Òkè nìkan lò ń wò. Wo ilẹ̀."

Èérún igi ló wà níbẹ̀, funfun báláú. Wọ́n ní bó bá ṣì funfun báyìí, ẹyẹ ń padà bọ̀. Bó bá ti dàwọ̀ eérú, kí n má wulẹ̀ dúró.

Láti ọjọ́ náà, èérún ni mò ń wá, n kì í wá ẹyẹ mọ́. Tí mo bá rí i, màá dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, màá gbé àpótí ìdáná ìyá mi kalẹ̀ ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí igi, níbi tí oòrùn á ti yọ lẹ́yìn mi. Ẹ tanná wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jókòó o. Ìjàlọ ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ inú ṣòkòtò tí mi ò ní ròyìn rẹ̀ níbí.

Ọjọ́ tó wá, akọ ni. Orí rẹ̀ dàwọ̀ eérú, àtàrí rẹ̀ pupa fòò. Abo kì í ní pupa orí yẹn. Mo fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Ara rẹ̀ hàn kedere, orí rẹ̀ wá dà bí èéfín, torí kíkàn tó ń kan igi yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbé e dé 1/1600 ni ojú ẹyẹ tó hàn, tí èérún kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù, torí ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé. Ọyẹ́ ló máa ń ba fọ́tò jẹ́, gbogbo rẹ̀ á funfun bí ẹni bu ẹ̀lùbọ́ lé e. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ ojú ọ̀run, ẹ tètè lọ. Ẹni tó bá lówó lè lọ sí ọgbà ẹranko Old Oyo, ẹ̀gbẹ́ Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ní tèmi, oko kajú tó mi.

Ẹ má fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sí i nítòsí ihò rẹ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan: ó fi ọmọ sílẹ̀, ó ń pariwo kiri, ó ń wá ọ̀tá tí kò sí. Ojú tì mí.

Lóṣù tó kọjá, bàbá ní àwọn fẹ́ gé irúgbá gbígbẹ náà fún àwọn eléèédú. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n máa wá ra kajú lọ́wọ́ àwọn. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló wà nílé mi báyìí, mi ò sì fẹ́ràn kajú.