Àyẹ̀wò Ọdún: Orúkọ Èèyàn Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló máa ń ka èso Ẹ̀mí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán inú Gálátíà 5:22-23 lásìkò yìí, tí wọ́n á sì fún ara wọn ní máàkì: ìfẹ́, mo gbìyànjú, ìpamọ́ra, ó ku díẹ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í tú àṣírí kankan. Àwọn tí a jọ ń gbé, tí a jọ ń náwó, ló mọ̀ bóyá a ní ìpamọ́ra.

Ẹ má dúró de alẹ́ ọjọ́ 31. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, torí tí Kérésì bá ti kọjá, owó ti tán, àwọn èèyàn sì ti rìnrìn àjò. Ẹ fi rúlà pín ojú ìwé kan sí mẹ́ta: ẹni tí mo jẹ lówó, ẹni tí mo fẹnu ṣẹ̀, ẹni tí mo ṣèlérí fún. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ orí WhatsApp yín padà láti oṣù Kínní. Ibẹ̀ ni “màá san án lọ́sẹ̀ yìí” sá pamọ́ sí. Àwọn tí a máa ń gbàgbé jù ni àwìn aláta, owó àjọ tí a ti kó tí a ò dá parí, àti owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀.

Bí owó ò bá pé, ẹ san díẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ ìyókù. Ti èyí tí a fi èrú gbà yàtọ̀: Léfítíkù 6:5 ní kí a dá a padà pérépéré, kí a fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. ₦20,000 á di ₦24,000. Ìlọ́po mẹ́rin ni Sákéù agbowó orí ṣèlérí ní tiẹ̀. Ibi tí a ti máa ń ṣìnà ni pé a ó fi owó olówó ṣe ìdúpẹ́ ọdún. Jésù bá àwọn tó fi Kọ́bánì, ìyẹn ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, bojú wí nínú Máàkù 7, nítorí wọ́n fi ọrẹ Ọlọ́run du bàbá àti ìyá wọn.

Ẹ̀bẹ̀ ló le jù. “Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú” kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. “Tí mo bá” yẹn ti gbé ẹ̀bi padà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà: “Ẹ̀gbọ́n mi, níbi ìpàdé ẹbí oṣù Kẹrin, mo pè yín ní olè lójú àwọn àbúrò wa. Irọ́ ni. Ẹ forí jì mí, màá pe àwọn náà, màá sọ fún wọn.” Kí ẹ wá dákẹ́. Àlàyé tí a ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ló máa ń dá ìjà tuntun sílẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tí a fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Tó bá jẹ́ àwa ni wọ́n ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìdáríjì kò ní kí obìnrin padà sílé ẹni tó ń lù ú. Èèyàn lè dárí jini láti òkèèrè.

Orúkọ tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́ 31, ẹ kọ ọ́ sójú ewé kìíní ìwé ọdún tuntun, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ó pe onítọ̀hún. Ní ti ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kí ọjọ́ náà ṣáájú ìsìn májẹ̀mú, ìsìn tí wọ́n fi ń tún májẹ̀mú wọn pẹ̀lú Ọlọ́run dá, èyí tí John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1755.