Àǹtí Mi Ní Ṣé Ilẹ̀ La Wá Wò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti awakọ̀ takisí yẹn, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi ò ní rọ̀. Láti ibùdókọ̀ ojú irin East Hampton dé abúlé Springs, níbi tí ilé Jackson Pollock àti Lee Krasner, tọkọtaya ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, wà, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ. Ọkùnrin yìí wo bàtà wa, ó wo báàgì wa, ó ní 45 dọ́là. Mo ní mítà dà, ó ní àwọn kì í lo mítà ládùúgbò àwọn. Ó dáa. Ìgbà tí a débẹ̀ tí mo na 45 sí i, ó ní rárá o, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa san 45. Ojú kò tì í rárá. Àǹtí mi, tí mo bẹ̀ títí kí wọ́n tó tẹ̀ lé mi kúrò ní New York láàárọ̀ kùtù, kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn tú pọ́ọ̀sì, wọ́n ń ka owó náà sí i lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi wa ọkọ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kí lo ní a wá wò níbí gan-an?"

"Ilẹ̀ ni, mà. Ilẹ̀ ibi tí Pollock ti ń ṣiṣẹ́."

"Ilẹ̀?"

"Ẹ fara balẹ̀ ná, mà."

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Kí ẹ sì tó jókòó sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní iye tí gbogbo yín máa san pa pọ̀.

Ilé náà kò tóbi. Ọdún 1946 ni tọkọtaya náà rà á ní 5,000 dọ́là, Peggy Guggenheim tó ń bá Pollock ta àwòrán ló sì yá wọn ní 2,000 nínú rẹ̀. Kò sí balùwẹ̀ nínú ilé nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ amúlégbóná. Owó ṣọ̀wọ́n débi pé Pollock fi àwòrán kan san gbèsè oúnjẹ tó jẹ oníṣọ́ọ̀bù abúlé. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Oníṣọ́ọ̀bù yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn."

Àga, ìwé, àwo orin jáàsì: a wò wọ́n kọjá. Abà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Pollock ti ń ya àwòrán, ni mo bá wá.

Kí a tó wọlé, wọ́n ní ká bọ́ bàtà, wọ́n fún wa ní sálúbàtà onífóòmù kí a má baà ha ilẹ̀. Ti àǹtí mi tóbi jù, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ ṣàà, ṣàà, wọ́n ń kùn. Kíkùn náà dáwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀dà ló bo pákó ilẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Dúdú, funfun, pupa, búlúù, fàdákà, ọ̀kan gun orí ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ìlà dúdú kan: ó nípọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó já lójijì bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ibi tó ti já yẹn ni etí kánfáàsì, aṣọ tó ń ya àwòrán sí, wà. Ohun tí a ń wò ni ìyókù, èyí tó kọjá etí aṣọ. Èyí tó bọ́ sórí aṣọ ti lọ, àwòrán *Autumn Rhythm* ti 1950, tó fẹ̀ ju mítà 5 lọ, wà nínú wọn.

Orí ilẹ̀ ni Pollock máa ń tẹ́ kánfáàsì sí, á máa yí i po, á fi igi tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan bu ọ̀dà, irú èyí tí àwọn akunlé ń lò, á jẹ́ kó máa ṣàn bọ́ láti òkè. Bí ọwọ́ bá yá, ìlà á tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọwọ́ bá fà, ọ̀dà á dárogún. Nígbà míì á gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, á máa wò ó fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó tún fọwọ́ kàn án. Ó máa ń jiyàn pé kò sí èèṣì nínú iṣẹ́ òun. Ẹ wá wo ilẹ̀ yìí, ẹ ó gbà fún un: àwọn ìlà yẹn ń tẹ̀ bí apá ṣe ń tẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tó dà nù kì í rí báyẹn.

Iná kò sí nínú abà náà títí di 1953. Ojúmọmọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n tún un ṣe nítorí òtútù, wọ́n sì to pákó pẹlẹbẹ bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí Krasner kú ní 1984 ni wọ́n tó ká a kúrò, tí ọ̀dà fi yọ bó ṣe wà.

Gbogbo àwọn tí a jọ wọlé dorí kodò. Àǹtí mi nìkan ló ń wo ògiri.

"Ta ló ni ọ̀dà ti ara ògiri?"

Krasner ni. Òun máa ń gbé kánfáàsì tirẹ̀ kọ́ ni. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ mutí wakọ̀, tó sì kú ní oṣù kẹjọ 1956, ló tó kó wọ abà.

"Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ wà láyé?"

"Yàrá òkè, mà."

"Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀? Tí bẹ́ẹ̀dì kan máa kún?"

Wọ́n jáde, wọ́n dúró sórí koríko, wọ́n gbójú sókè wo fèrèsé yàrá náà, wọ́n pòṣé. Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo fi *The Seasons* hàn wọ́n lórí fóònù, èyí tí Krasner yà ní 1957, tí òun náà fẹ̀ ju mítà 5 lọ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn ò dá a padà títí a fi dé ibùdókọ̀ Jamaica ní New York. Whitney, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ló ni àwòrán náà, kì í sì í gbowó ìwọlé ní alẹ́ Jímọ̀. Àǹtí mi ní àwọn máa bá mi lọ, bí kò bá ti sí ẹni tó máa ní kí àwọn bọ́ bàtà.