Ohun tútù fún ajílẹ̀ ilé

Ìrọ̀lẹ́ yìí ní ọjà Oyíngbò, igi ugwu àti ti ewédú tí wọ́n ti já ewé ara wọn kún ilẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ajílẹ̀ sílé, ohun tútù tẹ́ ẹ máa pò mọ́ ewé gbígbẹ kó lè jẹrà di ajílẹ̀ nìyẹn: ẹ bẹ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kí wọ́n bá yín kó o sápò kí agbálẹ̀ tó dé. Igi ugwu le o, ẹ gé e kéékèèké bí ìka, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tètè jẹrà. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ìbẹ́pẹ, háhá àgbàdo tútù náà dára. Ìgbẹ́ adìẹ wà lára ohun tútù bó tilẹ̀ gbẹ, torí náítírójìn, èròjà tó ń mú kí ajílẹ̀ gbóná kó sì jẹrà, pọ̀ nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló tó.

Ẹ pò ó báyìí: garawa ohun tútù kan, ewé gbígbẹ tàbí páálí yíya garawa méjì sí mẹ́ta. Bí òkìtì náà bá ń rùn bí ìtọ̀, ohun tútù ti pọ̀jù: ẹ fi páálí kún un, kẹ́ ẹ rò ó káàkiri kí atẹ́gùn wọlé. Bí àárín rẹ̀ ò bá gbóná rárá, ohun tútù ló kéré, tàbí kó ti gbẹ jù.

Ẹran, ẹja, àjẹkù ọbẹ̀? Rárá. Eku Èkó kì í dúró de ìpè. Koríko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí náà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.