Ohun tí ọwọ́ wíwú bàbá kan kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù, ara bàbá ẹni ọdún 74 kan ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n sùn ní àlàáfíà, wọ́n sì jí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó wú bí ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, débi pé wọn kò lè bu òkèlè, ìyàwó ọmọ wọn ló sì ń bá wọn de bọ́tìnnì. Mo fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà, ó jìn kòtò, kòtò náà sì pẹ́ kí ó tó dí. Mo yára gbà pé ọkàn tàbí kíndìnrín ni, mo sì kọ oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń jí tọ̀ lóru, wíwú náà kò sì rọlẹ̀.

Ọ̀gá mi ló béèrè ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi: bí ó bá jẹ́ ọkàn ni, kí ló dé tí ẹsẹ̀ kò wú, tí oríkèé ọwọ́ sì ń le gan lówùúrọ̀?

RS3PE ni (remitting seronegative symmetrical synovitis with pitting edema, ìyẹn oríkèé wíwú lọ́tùn-ún lósì tí omi fi ń jọ sábẹ́ awọ), àìsàn tí oníṣègùn McCarty àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa rẹ̀ ní 1985, lára aláìsàn 10 péré. Àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ló sábà ń ṣe, ọkùnrin sì pọ̀ jù nínú wọn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo oríkèé àti iṣan ọwọ́ nínú ló ń wú, tí omi fi ń sun jọ sẹ́yìn ọwọ́. ESR àti CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń fi hàn pé nǹkan ń wú nínú ara, a máa ga, ṣùgbọ́n a kì í rí rheumatoid factor, èròjà tó sábà ń wà lára àwọn tó ní àrùn oríkèé rheumatoid, nínú ẹ̀jẹ̀, X-ray kì í sì í fi hàn pé eegun ti jẹ.

Prednisolone díẹ̀ (oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí ń mú wíwú rọlẹ̀), mílígíráàmù 10 sí 20 lójúmọ́, ló sábà máa ń ká a. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì ṣàyẹ̀wò ìgbẹ́ fún aràn Strongyloides, nítorí oògùn yìí lè mú kí aràn náà gba gbogbo ara. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá fúnra wọn ló de aago mọ́ ọwọ́.

Ìtura kíákíá yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Jẹjẹrẹ próstéètì, ti ikùn, ti ìfun tàbí ti ẹ̀jẹ̀ lè fara pamọ́ sẹ́yìn àìsàn yìí, pàápàá bí aláìsàn bá ń rù, tí ibà ń ṣe é, tí prednisolone kò sì ràn án. Ìgbà tí mo béèrè nípa ìtọ̀ ni bàbá tó sọ pé ó ti ń kán tótó láti bí ọdún kan. PSA wọn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí próstéètì ń ṣe, ga, jẹjẹrẹ próstéètì sì ni, a rí i kó tó tàn.